Ẹ̀rọ Tí Ó Ń Padà Sí Ọdún 2012

A ṣèlérí ní oṣù tí ó kọjá pé ọ̀rọ̀ owó ilé-ẹ̀kọ́ ni a ó bá yín sọ, ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan dé ọwọ́ wa láti Emùré tí a kò lè fi sílẹ̀ kí ó tutù. Ẹ jẹ́ kí owó ilé-ẹ̀kọ́ dúró díẹ̀.

Ìyá kan tí ó ń ta epo pupa ní Emùré-Èkìtì, ọmọ ìjọ wa ni. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a kọ ọ̀rọ̀ yìí kí àwọn ìyá mìíràn lè kà á, ṣùgbọ́n ó ní kí a má ṣe dárúkọ òun, a kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí ó kó àjọ rẹ̀, ó fi ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ó ń kàwé ní Ìkẹ́rẹ́, ní Yunifásítì Bamidele Olumilua, tí àwọn àgbà ibẹ̀ ṣì ń pè ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì, nítorí pé kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni kí ó tó di yunifásítì ní 2020. Oṣù méjì àkọ́kọ́, ayọ̀ ni. Ní oṣù kẹta ni ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé íntánẹ́ẹ̀tì kò ṣí fún òun mọ́.

Ọmọ náà wá sílé ní òpin ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá rẹ̀ dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí ó tan ẹ̀rọ náà, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ó jáde: àmì pupa kan, àti ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ̀ọ̀rọ̀ tí ó ń kìlọ̀ pé ọ̀nà yìí kò ní àbò, àwọn olè lè wà ní ìdí rẹ̀. Ìyá náà ka ìwọ̀n tí ó lè kà. Ó pe ọmọ aládùúgbò kan tí ó gbọ́n nínú fóònù, ẹni yẹn sì ní, “Màmá, bí ẹ̀rọ ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí ẹni tí ó ni ín bá ti ń lọ sí ibi tí kò dára.”

Ẹ̀yin òbí mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe nínú ìyá. Ó gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ó dá owó oúnjẹ dúró. Ọmọ ń búra, ó ń sunkún, ìyá ní, “Ẹnu rẹ lè parọ́, ẹ̀rọ kì í parọ́.” Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni àwọn méjèèjì kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ ju “ẹ káàárọ̀” lọ.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n gbé ara wọn àti ẹ̀rọ náà wá sí ọ̀dọ̀ wa. A tàn án. Ní igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tí aago máa ń wà, ohun tí a rí ni ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2012. A bi ọmọ náà. Ó ní, “Ẹ̀yin sà, mo ti rí i. Mo tún un ṣe lánàá. Mo tún un ṣe níjẹta. Tí iná bá ti lọ, tí mo bá tún tàn án, ibẹ̀ náà ni yóò padà sí.”

Bàbá àgbà kan tí ó jókòó tì wá fi ọwọ́ lu itan. Ó ní, “Ẹ̀mí ìfàsẹ́yìn! Ọdún gbogbo ènìyàn ń lọ síwájú, ti ọmọ yìí ń padà.” Àwọn kan dáhùn pé “Ẹ̀jẹ̀ Jésù!” Ìyá náà bú sẹ́kún.

A kò rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ojú wa ti rí ohun púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, a kò sì ní sọ fún yín pé ìfàsẹ́yìn kò sí. A gbàdúrà. Àdúrà náà gbóná, ó sì dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ṣe Àmín tí a la ojú, 2012 ni ẹ̀rọ náà ṣì wà.

Nígbà náà ni arábìnrin kan nínú àwọn tí ó ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn ìjọ, tí ó ń ká wáyà lọ́wọ́, sún mọ́ wa. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi ọmọ náà: “Ṣé bátìrì láptọ́ọ̀pù yìí ń gbé iná?” Ọmọ ní rárá, bí wọ́n bá ti yọ wáyà rẹ̀ báyìí ni yóò kú. Arábìnrin náà mi orí. Ó ní, “Pásítọ̀, èyí tí ẹ̀ ń wò yìí, Windows ni. Kò sí ohun tí Windows mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a lọ bi ẹni tí ó jí i.”

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ kí a ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tí ó sọ yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tan kọ̀ǹpútà, kì í ṣe Windows ni ó kọ́kọ́ ń jí. Windows ṣì sùn nínú ibi tí ẹ̀rọ ń kó ẹrù pamọ́ sí. Ètò kékeré kan wà tí àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà ti kọ mọ́ ọn lára láti ilé iṣẹ́ wọn. Òun ni ó kọ́kọ́ ń la ojú. Yóò ka àwọn ará ilé: ṣé kíbọọ̀dù wà? Ṣé ìrántí ẹ̀rọ pé? Ṣé ibi ìkẹ́rùsí dáhùn? Yóò wo aago. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó lọ jí Windows pé ilẹ̀ ti mọ́. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni gbogbo èyí ń gbà. BIOS ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é, báyọ́ọ̀sì lẹ́nu. Ti àwọn ẹ̀rọ òde òní ni wọ́n ń pè ní UEFI, ṣùgbọ́n ẹnu ti mọ́ orúkọ àtijọ́, àwa náà yóò sì máa pè é ní BIOS.

Olùṣọ́nà ni. Windows ni a mọ̀ nítorí pé òun ni ó ń jókòó sí yàrá àlejò, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ṣí ilẹ̀kùn ní òwúrọ̀ wà níta. Àwa ará gúúsù Èkìtì sì mọ iyì ẹnu-ọ̀nà. Ọlọ́wẹ̀, ọmọ Ẹ̀fọ̀n tí ó wá ń ṣiṣẹ́ ọnà fún Arínjalẹ̀ ní Ìsẹ̀, òun ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní 1924, wọ́n sì fi ìtẹ́ kan tí wọ́n kàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó wà títí di òní. A kì í rántí rẹ̀ kí a má mí kanlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ wa.

Olùṣọ́nà yìí ní ìwé kékeré kan tí ó ń kọ nǹkan sí: ọjọ́, aago, ibi tí yóò ti máa jí Windows, àti irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Àwa lè wọlé lọ bá a, kí a ka ìwé náà, kí a sì tún un kọ. Ṣùgbọ́n àkókò tí ó ń gba àlejò kúrú. Kí ó tó jí Windows ni ẹ gbọ́dọ̀ kàn sí i. Bí Windows bá ti dìde, ó ti wọlé lọ nìyẹn, àfi kí ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ tún un tàn.

Arábìnrin náà kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ó fa àga fún ìyá Emùré. Ó ní, “Màmá, ẹ jókòó síbí. Ẹ̀yin ni ẹ máa tẹ̀ ẹ́.”

Ìyá ní, “Kí n má bà á jẹ́ o. Owó àjọ ni.”

“Wíwò kì í ba nǹkan jẹ́, Màmá. F2 ni ẹ máa tẹ̀, èyí tí ó wà ní òkè yẹn.”

Ní àkọ́kọ́, ìyá tan ẹ̀rọ, ó ń retí kí nǹkan hàn kí òun tó tẹ̀ ẹ́. Windows ti dé. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn àna rẹ̀. Windows tún ti dé. Arábìnrin ní, “Màmá, ọmọ Èkìtì ni yín. Bí ẹ bá ti tàn án báyìí, ẹ máa gún un bí iyán, ẹ má dúró títí ojú rẹ̀ yóò fi yí padà.” Ìyá gún un. Ojú ẹ̀rọ yí padà, ó di búlúù, lẹ́tà funfun kún ibẹ̀. Ìyá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. “Mo ti bà á jẹ́!”

Kò bà á jẹ́. Ó ti dé ọ̀dọ̀ olùṣọ́nà ni.

A fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé F2 yẹn kì í ṣe ti gbogbo ẹ̀rọ. Dell, Acer àti Samsung, F2 ni wọ́n máa ń lò. HP, ẹ tẹ Esc léraléra, nígbà tí àkójọ bá jáde, ẹ tẹ F10. Lenovo tí a ń pè ní ThinkPad, F1 ni, tàbí kí ẹ tẹ Enter kí ó tó béèrè. Púpọ̀ nínú àwọn Lenovo yòókù, F2 ni. Asus, F2 tàbí Delete. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí wọ́n tò papọ̀, Delete ni ó wọ́pọ̀ jù. Láptọ́ọ̀pù kan wà tí kò ní gbọ́ àfi tí ẹ bá di Fn mú pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹ kò bá dá a mọ̀, ẹ tẹjú mọ́ ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ ní kété tí ẹ bá tàn án. Ọ̀pọ̀ ń kọ ọ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kí ó tó pa á rẹ́.

Ìṣòro mìíràn wà. Láti ìgbà Windows 8, tí ó jáde ní 2012, bí ẹ bá ní kí ẹ̀rọ kú, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í kú tán. Ojú kan ni ó ń fi sùn kí ó lè tètè jí. Olùṣọ́nà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dúró mọ́. Bí ẹ bá gún bọ́tìnnì títí tí kò dáhùn, ẹ jẹ́ kí Windows dé. Ẹ wá di Shift mú, kí ẹ sì yan Restart. Ojú búlúù kan yóò jáde. Ẹ yan Troubleshoot, lẹ́yìn rẹ̀ Advanced options, lẹ́yìn rẹ̀ UEFI Firmware Settings. Ẹ̀rọ náà yóò tan ara rẹ̀, yóò sì mú yín lọ tààrà. Bí ẹ kò bá rí èyí tí ó gbẹ̀yìn yẹn, irú ti àtijọ́ ni ẹ̀rọ yín, bọ́tìnnì nìkan ni ọ̀nà.

Nínú rẹ̀ ńkọ́? Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹ kò ní rí ọfà tí eku kọ̀ǹpútà ń darí. Bọ́tìnnì ọfà mẹ́rin orí kíbọọ̀dù ni ẹ ó fi máa rìn. Ojú-ewé àkọ́kọ́ ni orúkọ ẹ̀rọ, nọ́ńbà rẹ̀, bí ìrántí rẹ̀ ti pọ̀ tó, ọjọ́ àti aago. Arábìnrin fi ìka hàn án, ìyá sì kà á jáde fúnra rẹ̀: ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, 2012, aago méjìlá òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta. Windows kò parọ́ o. Ohun tí olùṣọ́nà sọ fún un ni ó ń sọ. Olùṣọ́nà gan-an ni kò mọ ọjọ́ mọ́.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Nígbà tí IBM gbé kọ̀ǹpútà wọn jáde ní 1981, ẹ̀rọ yẹn kò mọ ọjọ́ rárá. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tàn án ni yóò bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni òní, wọn yóò sì tẹ̀ ẹ́ fún un. Èyí tí wọ́n gbé jáde ní 1984 ni wọ́n fi aago àti bátìrì kékeré sí nínú, kí ó lè máa ka ọjọ́ nígbà tí iná kò sí. Bátìrì yẹn ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà di òní. Ó rí roboto bí owó ẹyọ. CR2032 ni wọ́n ń kọ sí i lára: 20 ni ìbú rẹ̀ ní mílímítà, 32 sì ni nínípọn rẹ̀, ìyẹn mílímítà 3.2. Fólítì 3 ni agbára rẹ̀. Ó ń pẹ́ ní ọdún mélòó kan, lẹ́yìn náà ni yóò gbẹ bí òróró inú fìtílà. Nígbà tí ó bá gbẹ, tí bátìrì ńlá láptọ́ọ̀pù náà sì ti kú bí ti ọmọ yìí, kò sí ohun tí ó ń bọ́ aago mọ́. Bí iná bá ti lọ, olùṣọ́nà gbàgbé ohun gbogbo, yóò sì padà sí ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i lórí ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é.

Íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Gbogbo ojúlé tí ó ní àbò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń mú ìwé ẹ̀rí kan lọ́wọ́, bí ìwé àṣẹ awakọ̀. Ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí wà lára rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó gbà pé 2012 ni a wà, ẹ gbé ìwé tí wọ́n kọ ní ọdún yìí fún un. Yóò wò ó, yóò ní ọjọ́ ìwé yìí kò tíì dé, ayédèrú ni. Ó fi àmì pupa hàn, ó ti ilẹ̀kùn. Pọ́táàlì ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń tì ilẹ̀kùn mọ́, bánkì ni, àní ojúlé tí a ti ń gbọ́ ìwàásù ni. Kò sí ìwà ẹ̀gbin kankan nínú ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí arábìnrin ṣàlàyé dé ibí yìí, kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Ìyá ń wo ojú búlúù yẹn. Ọmọ ń wo ilẹ̀.

Wọ́n tún ọjọ́ náà kọ níbẹ̀. Ìyá tẹ F10, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kí ẹ̀rọ fi í pamọ́ kí ó sì jáde. Nítorí pé jẹnẹrétọ̀ ìjọ ń ṣiṣẹ́ tí wáyà sì wà lára ẹ̀rọ, ọjọ́ náà dúró. Ọmọ gba íntánẹ́ẹ̀tì láti orí fóònù wa, ó ṣí pọ́táàlì. Ó ṣí. Ọjọ́ méjì ni ó kù kí wọ́n ti ìforúkọsílẹ̀ sáà náà. Ọjọ́ méjì péré, ẹ̀yin ará.

Ní ọjọ́ Ajé ni arábìnrin ra bátìrì náà ní Ìkẹ́rẹ́, owó rẹ̀ kò tó owó kóńgò ìrẹsì kan. Ẹni kan ti kọ́kọ́ sọ fún ọmọ náà pé pátákó inú ẹ̀rọ ni ó ti bàjẹ́, owó tí ó sì dá lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì iye tí ìyá fi rà á. A kò ní sọ ẹni náà. Ó lè jẹ́ pé kò mọ̀ ni.

Ẹ̀yin tí ó fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ nílé, ẹ yọ wáyà iná, ẹ yọ bátìrì ńlá pẹ̀lú bí ó bá ṣeé yọ, ẹ fi ọwọ́ kan irin díẹ̀ kí ẹ tó ṣí i, kí ẹ sì wo bí ti àtijọ́ ṣe dojú kọ kí ẹ tó yọ ọ́. Nínú láptọ́ọ̀pù kan wáyà kékeré ni ó so ó mọ́lẹ̀, kí ẹ má fà á já. Àwọn láptọ́ọ̀pù òde òní kan kò ní í rárá. Bátìrì ńlá ni ó ń bọ́ aago wọn. Àwọn kọ̀ǹpútà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì pín fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama ní 2012, nígbà ìṣèjọba Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, ti lé ní ọdún mẹ́wàá báyìí. Bí irú rẹ̀ bá wà lórí àjà yín tí ẹ ti gbà pé ó kú, ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀, ẹ tàn án, kí ẹ wo ọjọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ kí ẹ̀yin ìyá fi ọwọ́ méjèèjì mú. Bátìrì roboto yìí, tí ó rí bí owó, tí ó ń dán, ohun tí ọmọdé ń fi sẹ́nu ni. Bí ó bá há sí ọ̀fun ọmọ, ó lè jó ẹran ibẹ̀ láàárín wákàtí méjì, àní èyí tí kò lágbára tó láti tan nǹkan mọ́. Bí ẹ bá fura pé ọmọ ti gbé e mì, ẹ má fún un ní ohun tí yóò mú un bì. Ẹ má dúró wo bóyá yóò yà á. Ẹ má ní kí ìsọjí parí. Ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti lè ya fọ́tò inú ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ máa gbàdúrà lójú ọ̀nà. Èyí tí ẹ bá sì yọ kúrò nínú ẹ̀rọ, ẹ fi téèpù bò ó lójú méjèèjì kí ẹ tó sọ ọ́ nù.

Ẹ̀rù tí ìyá náà ń bà pé òun ti bà á jẹ́, kì í ṣe pé kò ní ìdí rárá. Ní 26 April 1999, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní CIH, tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Taiwan kọ, pa ohun tí ó wà nínú BIOS ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ tí ó bá sì ti pàdánù rẹ̀ kò lè jí mọ́. Ó dà bí ìgbà tí olùṣọ́nà kú tí kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀. Nítorí náà, wíwò kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má yí ohun tí ẹ kò mọ̀. Bí ọwọ́ bá ṣì, ẹ má tẹ F10. Ẹ tẹ Esc kí ẹ jáde láì fi í pamọ́. Ní pàtàkì, ibi tí ẹ bá ti rí SATA tàbí AHCI, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tí ó bá yí i padà lè tan ẹ̀rọ kí Windows kọ̀ láti dìde, wọn a sì sọ fún un pé ibi ìkẹ́rùsí rẹ̀ ti bàjẹ́, nígbà tí kò bàjẹ́. Bátìrì kékeré tí ó gbẹ pàápàá lè fa èyí, nítorí pé àwọn àṣẹ yìí náà lè padà sí bí ilé iṣẹ́ ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Bí oníṣẹ́ bá sì ní òun fẹ́ fi BIOS tuntun rọ́pò ti àtijọ́, ẹ bi í pé kí ni ìdí rẹ̀. Bí iná bá lọ ní àárín iṣẹ́ yẹn, ẹ̀rọ lè má jí mọ́. Ẹ̀yin náà mọ bí iná wa ti rí.

Páásíwọọ̀dù ni ó kù, ibẹ̀ sì ni àwa fúnra wa ti jẹ̀bi. Nínú BIOS, ènìyàn lè fi páásíwọọ̀dù sí ẹnu-ọ̀nà, tí Windows kò ní jí láéláé bí a kò bá tẹ̀ ẹ́. Ní ọ́fíìsì wa, a fi í sí ẹ̀rọ tí a ń fi tẹ ìwé ìròyìn, a ní kí àwọn ọmọ má bàa máa fi ṣeré. A kò kọ ọ́ sí ibì kankan, a ní a kò lè gbàgbé. Lẹ́yìn ìrìn-àjò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, a gbàgbé. Ẹ̀rọ yẹn di ibi tí a ń gbé fìlà lé fún ọdún kan. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì àtijọ́ máa ń gbàgbé páásíwọọ̀dù bí a bá yọ bátìrì kékeré rẹ̀, ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ṣe fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, ibòmíràn ni wọ́n ń tọ́jú tirẹ̀ sí, yíyọ bátìrì kò sì ràn án. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi í sí, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, kí aya tàbí ọkọ rẹ̀ mọ ibi tí ìwé náà wà.

Èyí ni ó mú wa dé ọ̀dọ̀ arákùnrin wa kan ní Ìsẹ̀ tí ó kọ̀wé sí wa. Ó ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ní Èkó, ó dára, ó ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó wọ BIOS rẹ̀, ó rí orúkọ ilé iṣẹ́ kan ní òkè òkun lójú-ewé àkọ́kọ́, ẹ̀rọ sì ń béèrè páásíwọọ̀dù kí ó tó lè yí ohunkóhun. Ó bi wá pé ṣé kí òun gbé e fún àwọn tí ó mọ bí a ti ń já a. Arákùnrin, ìdáhùn wa le díẹ̀. Ilé iṣẹ́ máa ń ta ẹ̀rọ àtijọ́ wọn, wọ́n sì lè gbàgbé láti yọ páásíwọọ̀dù. Èyí kì í ṣe olè. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n jí náà ń gba ọ̀nà yìí wọlé, ẹ kò sì lè fi ojú dá wọn mọ̀. Ẹ padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó tà á fún yín pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí owó yín, kí ó yọ ọ́ tàbí kí ó pààrọ̀ rẹ̀. Bí kò bá fún yín ní ìwé ẹ̀rí owó, ẹ ti mọ apá kan ìdáhùn nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà tàbí sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tà á ní Adó àti Àkúrẹ́, kí ẹ tó ka owó, ẹ ní kí ẹni tí ń tà á ṣí BIOS lójú yín. Ẹ wo ìrántí rẹ̀ bóyá ó bá ohun tí ó sọ mu, nítorí pé ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìta ẹ̀rọ lè ti ara ẹ̀rọ mìíràn wá. Ẹ wo ọjọ́. Ẹ pa á, ẹ yọ wáyà àti bátìrì ńlá bí ó bá ṣeé yọ, ẹ sọ̀rọ̀ ìgbà díẹ̀, ẹ tún un tàn, kí ẹ wò ó bóyá ó ṣì mọ òní. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ẹ ṣe èyí, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ìyá Emùré ní kí a má fi ọ̀rọ̀ òun wàásù, a kò sì ní ṣe é. Ohun tí a rí nìkan ni a ó sọ. Kí wọ́n tó kúrò lọ́dọ̀ wa ní ọjọ́ Ìsinmi yẹn, ó yọ fóònù ọmọ rẹ̀ láti inú àpò rẹ̀, ó nu ojú rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó sì gbé e lé orí láptọ́ọ̀pù láì sọ̀rọ̀. Ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e, a gba Emùré kọjá, a sì yà kí wọn. Iyán wà nílẹ̀. Ẹran tí ó wà nínú abọ́ ọmọ náà ju èyí tí ó wà nínú tiwa lọ, àwa tí a jẹ́ àlejò. Ọmọ ní, “Màmá, ó tó, ẹ fi sílẹ̀.” Ìyá tún fi ọ̀kan kún un.

Láptọ́ọ̀pù wà lórí tábìlì. Ìyá ti fi téèpù lẹ ìwé kékeré kan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ gàdàgbà: F2.